Iye Tí Sebyo Tó

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Mang Oniong ránṣẹ́ sí Aling Meding pé òun fẹ́ gba Sebyo kúrò nínú Aplaya, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀, àti pé òun kò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní òun yóò fi ìyàn àkọ́kọ́ òun tọdún yìí sílẹ̀, ìyẹn àǹfààní láti kọ́kọ́ mú agbábọ́ọ̀lù tuntun, òun yóò sì fi tọdún tó ń bọ̀ lé e. Ìyàn àkọ́kọ́ méjì fún ẹnì kan ṣoṣo! Tacio, àbúrò ọkọ Aling Meding, tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ náà, ló gbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ó sì ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó kó ẹyin dání.

Aling Meding kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Kí ló ṣe Oniong? Ṣé oòrùn ló pa á ni?"

"Oòrùn kankan ò pa á, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Orí ọkùnrin yẹn pé. Ife ẹ̀yẹ ló ń wá."

Òótọ́ sì ni. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n mẹ́fà ló wà ní àdúgbò Santo Cristo, létí adágún Laguna, kò sì sí èyí tí ojú ń pọ́n bí Ilaya, ẹgbẹ́ Mang Oniong. Wọ́n ní àwọn ẹni gíga mẹ́rin tí wọ́n ń fọwọ́ kan irin àwọ̀n láìfò, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹni tí yóò sọ ibi tí kálukú máa sá sí. Ọdún méjì léra ni wọ́n ti dé ìdíje àṣekágbá, tí wọ́n sì fi ìwàǹwára bà á jẹ́ nígbà tó ku díẹ̀. Oniong ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Kò fẹ́ dúró de ọmọdé kankan kó dàgbà.

Bí wọ́n ṣe ń yàn rèé: ní ìparí oṣù kẹta, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjìdínlógún àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò á tò sí àárín pápá, àwọn olórí ẹgbẹ́ á sì máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bébà tí wọ́n bá fà nínú agolo ìwọnrẹsì ló ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú. Àǹfààní yẹn di ohun ìní ẹni tó fà á. Ó lè fi tọrọ agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kódà ó lè fi àkọ́kọ́ tirẹ̀ tọdún tó ń bọ̀ tọrọ kí ọdún ọ̀hún tó dé, ipò yòówù tí bébà ìgbà náà bá fi í sí. Lọ́dún yìí, Ilaya ló fa ipò kìíní, kò sì sí ẹni tí kò mọ ẹni tí wọn yóò fi mú: Jerrick Cadawas, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ga débi pé ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

"Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n," ni Tacio wí. Ó bu ẹ̀wà munggo nínú abọ́ tí Aling Meding ti ṣà sílẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ. "Ẹ̀wà kan, ọdún kan. Sebyo ti pé mẹ́rìndínlógójì, orúnkún òsì rẹ̀ ò sì dá mọ́. Mo ṣe é lóore, mo fún un ní méjì. Jerrick ńkọ́? Mẹ́wàá, ká má tan ara wa. Ti ìyàn ọdún tó ń bọ̀, a ò mọ ẹni tó máa jẹ́, ẹ jẹ́ ká pè é ní mẹ́ta. Mẹ́tàlá sí méjì, Aling Meding. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò yìí."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan bá wá gbé Jerrick lọ sí Manila lóṣù kẹfà ńkọ́? Ṣé wàá wá ju ẹ̀wà mẹ́wàá sáwọ̀n fún mi?"

"Sebyo náà lè re bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́la."

"Ọlọ́run ò níí gbọ́ tẹnu rẹ! Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ibo lo fi àkísà Sebyo sí lórí tábìlì yìí?"

"Wọn kì í fún èèyàn ní ife ẹ̀yẹ nítorí àkísà. Ọdún mọ́kànlá rèé tí a ti gba ife kẹ́yìn."

Aling Meding fọwọ́ gbá ẹ̀wà náà jọ, ó dà á padà sínú abọ́. "Fi oúnjẹ mi sílẹ̀," ló wí.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni obìnrin yìí. Isko ọkọ rẹ̀ ló dá Aplaya sílẹ̀, nígbà tí Isko sì kú, àwọn èèyàn rò pé yóò kó ẹgbẹ́ náà fún Tacio. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí Tacio máa kọ́ wọn, kí òun máa jẹ olórí, ó sì ń rán aṣọ ìgbábọ́ọ̀lù gbogbo àdúgbò, tọ̀tá tọ̀rẹ́, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Aṣọ Ilaya gan-an ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí à ń wí yìí. Bí a bá máa sọ òótọ́, àléébù kan ṣoṣo ló ní, kò sì kéré: kò mọ ìyìn sọ. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ pé ọmọ tí wọ́n bá ń yìn lójú ara rẹ̀ á ti yó kó tó jẹun. Bí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bá fi ọwọ́ kan ṣoṣo gba ẹgbẹ́ là, ọ̀rọ̀ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju "Ṣé o ti jẹun?" lọ.

Ó mọ̀ pé ìṣirò Tacio pé. Bó bá jẹ́ agbábọ́ọ̀lù mìíràn ni, yóò ti gbà kí kọfí ọwọ́ rẹ̀ tó tutù. Ṣùgbọ́n Sebyo ni. Lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nígbà tí Sebyo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé sí àdúgbò, ó dúró sí àárín pápá yẹn títí wọ́n fi mú gbogbo àwọn tó yí i ká tán. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Oniong fojú fò ó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ó pariwo tí gbogbo pápá gbọ́: "Èyí ti kúrú jù. Ẹ jẹ́ kó máa ta ẹyin balut!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, torí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sísè tí àwọn ọmọ ń kiri lálẹ́ ni balut. Aplaya ló mú un níkẹyìn, torí pé kò sẹ́lòmíràn mọ́, tí òfin sì ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń darí eré fún Aplaya. Nígbà tó gbéyàwó, Aling Meding ló dúró bí ìyá fún un níwájú pẹpẹ, ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní Ninang.

Ohun tó ń ba Aling Meding lẹ́rù kò ju èyí lọ: kí Sebyo má lọ rò pé wọ́n tún ti fi òun sílẹ̀ láàárín pápá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wò ó tó ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ wá kó aṣọ, tí kò lè la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi pa mọ́. Ní Santo Cristo, wọn kì í pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń tọrọ á gbé oúnjẹ lọ sílé ẹni tó ni ín, bí ìgbà tí wọ́n bá lọ tọrọ ìyàwó. Agbábọ́ọ̀lù náà á jókòó, wọ́n á dúnàádúrà lójú rẹ̀. Bó bá jẹ nínú oúnjẹ náà, ó ti gbà nìyẹn. Bí kò bá jẹ, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi gbohùngbohùn kéde pàṣípààrọ̀ ọkùnrin kan kó tó gbọ́ sí i rárá. Ńṣe ló gun òpó lọ, ó tú irin àwọ̀n, ó sì sọ ọ́ sínú adágún. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ jẹun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí Sebyo ti ń di ẹrù aṣọ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, Aling Meding sọ ọ́.

"Oniong ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Oúnjẹ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀."

Sebyo dúró. "Nítorí ta ni?"

"Nítorí rẹ."

Ó di okùn náà, ó tú u, ó tún un dì. "Kí ló fẹ́ fi sílẹ̀?"

"Ìyàn méjì. Àkọ́kọ́ tọdún yìí, àkọ́kọ́ tọdún tó ń bọ̀."

"Áà," ni Sebyo wí. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún mi, Ninang. Aṣọ wo ni kí n wọ̀?"

"Aṣọ tó bá mọ́."

Ó wọ inú kẹ̀kẹ́, ó sì ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló wà nínú Aling Meding tó fẹ́ sọ fún un, àfi bó ṣe ṣí ẹnu tó gbọ́ ara rẹ̀ tó ń ké tẹ̀ lé e pé, "Jẹun kó o tó sùn o!" Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sú u.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Mang Oniong dé tòun ti fìlà rẹ̀, tòun ti ikùn rẹ̀, pẹ̀lú abọ́ ńlá núdùsì pancit tó ń rú èéfín, ẹja tilapia mẹ́fà tí wọ́n yan, àti ìdì suman, ìrẹsì tí wọ́n dì sè nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Aling Meding ti nu tábìlì sílẹ̀. Tacio wà lọ́tùn-ún rẹ̀, Sebyo wà níwájú rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, abọ́ rẹ̀ sì wà lófìfo bí àṣà ti wí.

"Aling Meding!" ni Oniong wí. "Ọdún ń lọ, ojú yín ń dán sí i!"

"Torí pé a fẹ́ jẹran la ṣe ń pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá. Ẹ jókòó, Mang Oniong."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbàdúrà. Oniong yọ fìlà, ó nu ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó bá wá.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo ọ̀rọ̀. Kí ni mo fẹ́ rà gan-an? Bí Sebyo ṣe dìde kí mi lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ ìró kan, mo rò pé ilẹ̀kùn yín ló fẹ́ òróró. Orúnkún ni! Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Kò ga, kò sì ga rí. Kì í fò mọ́. Bó bá ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ńṣe la máa ń ké sí Màríà Mímọ́."

Sebyo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ wà lára tábìlì.

"Ẹdọ̀fóró rẹ̀ pé," ni Tacio dá a lóhùn, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é: olùrà á fẹnu ba ọjà jẹ́, olùtà á fẹnu tún un ṣe, wọ́n á sì pàdé lágbedeméjì. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i.

"Ìyàn kan ló tó sí i," ni Oniong ń bá a lọ. "Ìkejì yẹn, ojú àánú ni mo fi fi kún un."

Ojú àánú! Aling Meding gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Àánú ta ni ẹ ń ṣe, Mang Oniong? Ẹ rántí ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ọjọ́ tí òjò ń jò gba òrùlé pápá? Ẹgbẹ́ yín la bá gbá a. Ẹ fi ẹyọ kan lé wa, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ló kù. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ojú àwọ̀n là níwájú ẹ̀, mo rí i, ẹ̀yin náà rí i, ó lè jù ú kó sì di akọni. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó rí Doming, ọmọ Tacio, tí ò ju ẹyọ kan sáwọ̀n rí láyé ẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé bọ́ọ̀lù fún un. Ó gbé e fún un bí ẹni gbé omi fún àlejò! Doming jù ú, ó wọlé. Títí dòní, Doming ń rìn bí èèyàn láàárín ìlú. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn lọ́dọ̀ yín? Orúnkún?"

Tacio wolẹ̀. Oniong fi aṣọ nu ẹnu.

"Ó dáa, ó dáa. Ẹ mọ bí a ṣe ń polówó ọjà o. Mo fi ìyàn kejì tọdún yìí kún un. Ó di mẹ́ta."

"Ṣé mo béèrè ni? Nígbà tí Isko kú, mi ò lè rán nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ ò ṣeé dì mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkùnrin yìí fi ń wá ṣí ṣọ́ọ̀bù mi láràárọ̀. Kò mọ aṣọ rán! Á kàn jókòó síbẹ̀, káwọn èèyàn má bàa rí ilẹ̀kùn ní títì kí wọ́n sọ pé ó ti tán fún mi. Á fi kẹ̀kẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ láìgbé èrò kan. Kò sọ ọ́ fún mi rí, èmi náà ò sọ ọ́ fún un."

"Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe nínú bọ́ọ̀lù?"

"Ohun kan náà ni! Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní pápá. Nígbà tí gbogbo wa bá ti sọ ọkàn nù ló máa ń wá jókòó tì wá. Ẹ ní ẹni gíga mẹ́rin, ẹ ò ní ẹyọ kan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń pàdánù lópin, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ń sọ̀rọ̀ àánú fún mi!"

Oniong ti laagun. Láti ọjọ́ tó ti ń dúnàádúrà, kò tíì pàdé olùtà tó le tó báyìí rí. Ó nàka méjì sókè, ó fi kan orí ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún.

"Ẹ ti pa mí, Aling Meding! Ẹ máa gbà á! Mo tún fi àkọ́kọ́ ti ọdún kẹta kún un. Mẹ́rin! Inú ilé mi ò tún ní nǹkan kan mọ́ àyàfi ìyàwó mi."

Tacio gbá Aling Meding lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìyàn mẹ́rin! Látìgbà tí wọ́n ti ri òpó pápá yẹn mọ́lẹ̀, kò sí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n fi mẹ́rin tọrọ rí, àtọmọdé àtàgbà.

"Mi ò dúnàádúrà!" ni Aling Meding pariwo. Ó ti dìde dúró, kò sì mọ̀ pé òun dìde. "Òótọ́ ni mò ń sọ! Ẹ gbé pancit yín. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mi ò tà á mọ́."

Ẹnu Oniong ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú suman nínú ẹ̀. Sebyo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè.

"Ninang, ẹ jókòó."

Ó jókòó.

"Ẹ tà mí."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kẹ́ ẹ tà mí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún yín. Ẹ ò sọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí sí mi létí rí. Gbogbo ìgbà ni mo fi ń rò pé torí pé kò sẹ́lòmíràn lẹ ṣe mú mi, àti pé ẹ kàn ń fara dà á ni." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, kò fi pa mọ́. "Bó bá jẹ́ pé àfi tí wọ́n bá fẹ́ rà mí kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rà mí o jàre."

Ó dun Aling Meding wọra. Ó ti ń ṣọ́ ọkùnrin yìí lọ́dún mẹ́rìnlá kó má baà rò pé wọ́n fi òun sílẹ̀, àṣé ẹnu òun gan-an ló ti ń fi í sílẹ̀ láàárín pápá lójoojúmọ́.

"Ohun mìíràn tún wà," ni Sebyo wí, ojú rẹ̀ sì ti ń tàn. Ó yíjú sí Oniong. "Mang Oniong, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa ta balut."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Níwájú gbogbo èèyàn."

"Bóyá... bóyá ebi balut ló ń pa mí lọ́jọ́ náà."

"Balut náà ti wọ́n o. Ìyàn mẹ́rin ni báyìí. Mo fẹ́ kí wọ́n kà á lórí gbohùngbohùn, ìkíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, láìfo ọ̀kankan. Mo fẹ́ kí ìyá mi gbé àga síta kó jókòó gbọ́ ọ."

Tacio ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà Oniong, tí ikùn rẹ̀ ń mi tábìlì. Sebyo kò rín. Ojú rẹ̀ wà lára Aling Meding. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, bó ti máa ń dúró de àmì láti ẹ̀gbẹ́ pápá.

Aling Meding rò ó wò. Ife ẹ̀yẹ wà níbẹ̀, Jerrick wà níbẹ̀, ọjọ́ iwájú ẹgbẹ́ tí ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkùnrin kan tó fẹ́ gbọ́ iye òun jókòó síwájú rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó fọwọ́ ti abọ́ pancit sí i.

"Ó dáa," ló wí. "Bu èyí tó pọ̀. Àwọn ará Ilaya ò mọ oúnjẹ sè, ṣùgbọ́n Ọlọ́run á ṣàánú."

Sebyo bu ú, ó kún abọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bù, ó sì yọ egungun ẹja méjì mọ́ tónítóní. Wọ́n kọ ọ́ sí bébà, wọ́n buwọ́ lù ú. Oniong dé fìlà, ó ń lọ, ó ń ráhùn pé wọ́n ja òun lólè, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé abọ́ rẹ̀. Tacio gbé bébà náà sáré lọ sí gbọ̀ngàn àdúgbò kí ẹni tó ń di gbohùngbohùn mú tó lọ sun oorun ọ̀sán.

Sebyo dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré. Aling Meding tẹ̀ lé e jáde. Ó fẹ́ bi í bóyá ó ti yó, ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ninang," ni Sebyo wí. "Ti ọjọ́ òjò yẹn. Ẹ tún un sọ."

Ojú tì í. Ó wo òpópónà sókè, ó wò ó sísàlẹ̀, kò rí ẹnikẹ́ni àyàfi ajá. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí òrùlé ṣe ń jò, ó sọ bí Ilaya ṣe fi ẹyọ kan lé wọn, ó ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ló kù.

"Mẹ́ta ni."

"Mẹ́rin ni. Èmi ni mò ń wo aago."

"Mẹ́ta ni, Ninang. Ọwọ́ mi ni bọ́ọ̀lù wà."

Ó wò ó. Ó fà á mọ́ra díẹ̀ ní kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, bí aránṣọ ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fo ohunkóhun. Nígbà tó dé ibi aago, ó ní mẹ́ta ló kù.